Ta Ni Yóò Ṣe Onígbọ̀wọ́ fún Àlejò?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Nínú òwe yìí, onílé ni ó ń jẹ gbèsè nítorí àlejò. Àlejò jẹ, ó mu, ó dìde, ó lọ. Onílé sì kù sẹ́yìn pẹ̀lú ẹni tí ó jẹ lówó. Òwe náà kọ́ wa bí a ti í ṣe àlejò, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò fẹnu bà. Bí ó bá ṣe àlejò fúnra rẹ̀ ni ó fẹ́ jẹ gbèsè ńkọ́? Bí kì í bá ṣe oúnjẹ ọjọ́ kan ni ó ń wá, bí kò ṣe àwìn tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ayé ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ baba rẹ̀, ta ni yóò fún un? Ǹjẹ́ ó tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Kì í ṣe nítorí pé ó ṣeé jiyàn lé lórí nìkan ni mo ṣe mú un wá, bí kò ṣe nítorí pé mo ti dúró ní ìhà rẹ̀ méjèèjì, n kò sì fi ojú kan náà wò ó nígbà méjèèjì.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, iṣẹ́ olùkọ́ gbé mi dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí. Agboolé wa kò jìnnà sí Ìgá Ìdúngànràn. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi owó pamọ́ sí báńkì kan náà ní Èkó. Mo ti yáwó kọ́lé níbẹ̀, mo sì san án tán kí ọjọ́ tó pé. Nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, mo rí i pé àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ń fi káàdì kan rajà tí kì í fa owó wọn lójú ẹsẹ̀. Báńkì ni ó ń san owó ọjà náà fún olùtajà. Oníkáàdì yóò wá san án padà fún báńkì nígbà tí oṣù bá yí po, bí kò bá sì san án tán, èlé yóò máa gorí èyí tí ó ṣẹ́kù. Àwìn ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ̀wé béèrè fún tèmi.

Lẹ́tà tí ó dé kò wí pé mo jẹ gbèsè sá lọ rí, kò sì wí pé owó oṣù mi kéré. Ohun tí ó wí ni pé wọn kò rí àkọsílẹ̀ kankan nípa mi. Mo di ìwé báńkì mi ti Èkó mọ́ra, mo gbé e lọ bá wọn. Ọmọbìnrin tí ó wà nídìí tábìlì fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé àwọn kò lè ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òkè òkun mọ́ ohun tí àwọn mọ̀ nípa mi. Inú bí mi. Mo ní, "Èmi tí n kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀!" Kò yé mi nígbà náà pé ohun tí àwọn náà ń sọ gan-an nìyẹn: ní ìlú tiwọn, n kò tíì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè kí n sì san án.

Òwe Yorùbá kan wà tí ìbá ti là mí lójú lọ́jọ́ náà bí ìbínú bá jẹ́ kí n rántí rẹ̀. Wọ́n ní ẹni yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbèje. Ní ayé owó ẹyọ, ẹgbẹ̀fà jẹ́ 1,200, ẹgbèje sì jẹ́ 1,400. Òwe náà fi hàn pé ọ̀nà ni ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́, ìṣísẹ̀ kan ni ó sì ń sìn wá sí òmíràn: ẹni tí ó bá san kékeré ni a ó fi ńlá lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi òwe náà ní ìbéèrè kan. Ẹni tí kò tíì yá ẹgbẹ̀fà rárá ńkọ́? Kò bẹ́gi dí ọ̀nà, kò sì la ọ̀nà. Ibẹ̀ ni àlejò dúró sí.

Kí ni a wá ń pè ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ọ̀ràn owó? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ara ẹni tí a gbẹ́kẹ̀ lé ni ó wà, bí àwọ̀ tàbí bí gíga. Lójú tèmi, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwà ni ó wà lára ènìyàn. Ìgbẹ́kẹ̀lé wà nínú ìrántí àwọn tí wọ́n rí ìwà náà. Nígbà tí ènìyàn bá ń rìnrìn àjò, ìwà rẹ̀ ń bá a lọ, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́rìí ìwà náà kù sílé. Òtítọ́ tí ó fi ogún ọdún kó jọ kò sọnù. Ó wà ní Ìdúmọ̀tà, ó wà lẹ́nu àwọn aládùúgbò, níbi tí ẹni tí ó ń wo ojú rẹ̀ ní ìlú kejì kò lè gbọ́ ọ. A máa ń wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nínú ọ̀ràn àwìn, onílé gan-an ni ó lójú tí kò fi rí àlejò.

Àwọn baba wa mọ ìṣòro yìí, wọn kò sì fi í sílẹ̀ láìwá ojútùú sí i. Ojútùú tí wọ́n rí ni onígbọ̀wọ́. Bí àjòjì bá fẹ́ gba àwìn, ẹni tí ìlú mọ̀ yóò dìde, yóò fi orúkọ tirẹ̀ dúró fún un: bí àjòjì bá sá, onígbọ̀wọ́ ni olówó yóò dì mú. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni oníṣòwò tí ó bá dé ọjà ìlú mìíràn fi máa ń wọ̀ sí ilé ẹni tí ó mọ ìlú, tí ẹni náà yóò sì jẹ́rìí fún un lọ́dọ̀ àwọn olùtajà. Ní Èkó ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àlejò tí kò bá ní baba ìsàlẹ̀, èyíinì ni ẹni ńlá tí ó fara tì nínú ìlú, ẹyẹ tí kò rí ẹ̀ka bà lé ni. Ẹwà ètò yìí ni pé ojú ènìyàn ni a fi ń wo ènìyàn. Onígbọ̀wọ́ lè wí pé, "Mo mọ̀ ọ́n, mo bá a gbé, mo rí bí ó ti ń ṣe sí ìyàwó rẹ̀." Kò sí ìwé tí ó lè sọ èyí.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a máa yin ayé àtijọ́ bí ẹni pé kò ní àbùkù. Ọ̀pọ̀ baba ìsàlẹ̀ kì í fi orúkọ wọn yáni lásán. Ẹni tí wọ́n gbà là lọ́jọ́ kan yóò máa tẹ̀lé wọn lẹ́yìn títí, yóò máa gbè wọ́n níbi ìjà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí kò bá ní onígbọ̀wọ́ lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe sì dúró gẹ́gẹ́ bí èlé lásán, owó gan-an wà níbẹ̀ títí ọjọ́ tí wọn yóò fi san án. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé iṣẹ́ ológò, ẹni tí olówó ń rán lọ jókòó ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀, tí yóò máa da gbogbo agbo ilé láàmú títí wọn yóò fi wá owó náà. Èyí tí ó tilẹ̀ kan àlejò jù ni emú. Bí ará ìlú kan bá jẹ gbèsè tí kò san, olówó lè mú ẹlòmíràn tí ó ti ìlú kan náà wá, tàbí kí ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀, bí onítọ̀hún kò tilẹ̀ mọ onígbèsè náà rí. Nínú ètò emú, àlejò kì í ṣe ènìyàn kan. Gbogbo ìlú rẹ̀ ni ó gbé kọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tí ó bá dúró níwájú tábìlì báńkì ní ìlú òyìnbó lónìí mọ̀ pé gbèsè orúkọ kan wà lọ́rùn òun, èyí tí àwọn oníjìbìtì tí òun kò mọ̀ rí jẹ sílẹ̀.

Bí ìlú kan bá wà tí ó yẹ kí ó mọ ọ̀ràn àlejò àti àwìn, Èkó ni. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní 1851, àwọn Sàró tí a ti tú sílẹ̀ lóko ẹrú, tí wọ́n gbé ní Sierra Leone, túbọ̀ ń wọ Èkó. Àwọn Àgùdà náà ń ti Bùràsíìlì àti Kúbà bọ̀. Àwọn Àgùdà tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, àwọn Sàró sì wà ní ìhà ìwọ̀ oòrùn erékùṣù, ní àdúgbò tí à ń pè ní Olówógbowó. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa, ẹ̀yin òǹkàwé mi: olówó gba owó. Ẹni tí ó bá ń gbé Olówógbowó kò lè sọ àdírẹ́sì rẹ̀ fún ènìyàn láìdárúkọ gbèsè tí a san.

Lórí àwìn ni òwò epo pupa àti ekuro fi ń rìn nígbà náà. Oníṣòwò òyìnbó ní etí òkun yóò kó aṣọ, iyọ̀ àti ọtí fún alágbàtà, alágbàtà yóò gbé e lọ sí òkè, yóò sì kó epo padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ètò yìí ní èdè wọn kò ju ìfọkàntán lọ. Taiwo Olówó, ẹni tí ó ti Ìṣẹrì wá sí Èkó, tí ó sì kú ní 1901, dìde láti inú irú òwò yìí. Ó bá àwọn oníṣòwò Jámánì ti ilé iṣẹ́ G. L. Gaiser dòwò pọ̀, òun náà sì di ẹni tí àwọn àlejò mìíràn ń sá di. Àlejò àná di baba ìsàlẹ̀ òní. Èkó fún un ní àyè láti di ẹni tí a mọ̀.

Nígbà tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹjọ, ọdún 1861, ojú ètò yí padà. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn onílẹ̀ ní ìwé, oníṣòwò sì lè gba ìwé ilé gẹ́gẹ́ bí ohun ìdúró dípò ènìyàn. Láti ìgbà náà ni ilé ti ń ṣe onígbọ̀wọ́ ní Èkó. Ó rọrùn fún ẹni tí ó ní ilé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó fi bẹ́ẹ̀ pàdánù ilé baba wọn. Kì í ṣe tálákà nìkan ni ìyà yìí jẹ. James Pinson Labulo Davies, ọmọ Sàró tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kí ó tó di oníṣòwò pàtàkì ní Èkó, ẹni tí ó ṣe ìrànwọ́ nígbà tí a dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, kó sínú wàhálà gbèsè pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Mànṣẹ́sítà ní àwọn ọdún 1870. Oko kòkó ni ó tún fi dìde, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin kòkó ní ilẹ̀ wa.

Lẹ́yìn náà ni báńkì dé. Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1894. Òun ni a mọ̀ sí First Bank lónìí. Àwọn báńkì òyìnbó gba owó àwọn ọmọ Èkó wọlé fún ìpamọ́, ṣùgbọ́n ẹkún àwọn oníṣòwò dúdú ni pé wọn kì í fẹ́ yá àwọn lówó. Wọ́n ní ilẹ̀ ìdílé kò ṣeé gbà bí ohun ìdúró, àti pé ìwé ìṣirò àwọn oníṣòwò náà kò tó. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti yí po: ọmọ onílùú ti di àlejò níwájú tábìlì, ní ìlú baba rẹ̀. Kì í ṣe pé ó rìnrìn àjò. Ẹni tí ó wá ni kò mọ̀ ọ́n. Èyí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá National Bank of Nigeria sílẹ̀ ní 1933. Nítorí náà, ìrìn àjò nìkan kọ́ ni ó ń sọ ènìyàn di àlejò. Ẹni tí agbára àwìn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń pinnu ẹni tí yóò jẹ́ àlejò, nípa irú ẹ̀rí tí ó bá gbà láti kà.

Ó yẹ kí a tún wo ọ̀rọ̀ náà láti ìhà kejì, nítorí àlejò kì í gba àwìn nìkan, ó ń fúnni náà. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó mọ àwọn Òṣómàáló, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń gbé aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn fún àwọn àgbẹ̀. Orúkọ wọn wá láti inú èdè àdúgbò wọn: wọ́n ní òṣó ni àwọn yóò ló sí ẹnu ọ̀nà títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: àjòjì tí kò ní ìbátan ní ìlú náà ni ó fi aṣọ rẹ̀ lé ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́, tí ó ní òun yóò padà wá gba owó. Ta ni ó gbẹ́kẹ̀ lé ta ni níbẹ̀?

Irú ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀ ni àwọn Yorùbá kó lọ sí Gánà. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Èjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn ti ń tajà láwìn níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 18 oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé àjòjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó kúrò. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí bí ènìyàn ti lè gba àwìn ogún ọdún jọ. Ọ̀pọ̀ fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún àwọn àjòjì tí kò ní ìwé, àwọn ọmọ Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. A mọ orúkọ tí a fún báàgì tí wọ́n kó ẹrù wọn sí. A sì ń fi orúkọ náà ṣeré títí di òní. Ẹni tí a lé ní 1969 àti ẹni tí ó léni ní 1983 lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé ó rọrùn fún wa láti rántí ìgbà tí a jẹ́ àlejò, ó sì ṣòro fún wa láti rántí rẹ̀ nígbà tí a bá jẹ́ onílé.

Ní òde òní, nọ́ńbà ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ onígbọ̀wọ́. Ní Amẹ́ríkà, ètò máàkì tí ilé iṣẹ́ FICO gbé jáde ní 1989 ń fún ènìyàn ní máàkì láti 300 sí 850, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń san gbèsè rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé iṣẹ́ bí Experian àti Equifax ni wọ́n ń kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ. Ní Nàìjíríà níbí, Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò BVN ní 2014, nọ́ńbà oníkọkànlá tí a so mọ́ ìka ọwọ́ àti ojú ẹni. Òfin nípa àkọsílẹ̀ ìyáwó sì jáde ní 2017. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ètò wọ̀nyí. Nọ́ńbà kò bi ọ́ ní ọmọ ẹni tí o jẹ́. Kò ní kí o wá dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, kò sì ní kí o tẹ̀lé òun lọ síbi ìjà. Ẹni tí baba ìsàlẹ̀ ti ni lára rí yóò mọ̀ pé òmìnira ńlá nìyẹn.

Síbẹ̀, nọ́ńbà ní àbùkù kan tí onígbọ̀wọ́ kò ní: kì í sábà rékọjá ẹnu ibodè. Máàkì tí ènìyàn kó jọ ní Èkó kì í tẹ̀lé e dé Lọ́ńdọ̀nù, ti Lọ́ńdọ̀nù kì í sì í tẹ̀lé e dé New York. Nítorí náà ni àlejò fi ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ọ̀nà wà, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa tí ń lọ mọ̀ ọ́n. Àwọn báńkì kan ń fúnni ní káàdì onídùúró: àlejò yóò fi iye owó kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọn yóò sì jẹ́ kí ó ra àwìn tí kò ju iye náà lọ, bí ó bá ń san án déédéé, àkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò máa dàgbà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Nàìjíríà tí ó ní àṣẹ láti gbé ibẹ̀ lè fi orúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdìbò, nítorí pé orílẹ̀-èdè wa wà nínú àjọ Kọmọnwẹ́ẹ̀tì. Ìwé olùdìbò náà sì wà lára ohun tí àwọn olùyáni-lówó fi ń mọ̀ pé ẹni kan ń gbé ibi tí ó sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ èyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun kò dúró de báńkì ẹnikẹ́ni: wọ́n gbé èésú lọ, títí di òní ni àwọn ará Trinidad ń pè é ní súsù, tí àwọn ará Bahamas sì ń pè é ní àsúè. Èésú ni àwìn tí àwọn àlejò ń fún ara wọn nígbà tí onílé kò bá tíì mọ̀ wọ́n.

Ẹnìkan lè wá sọ pé, "Kí ni ẹ̀bi báńkì nínú èyí? Owó olówó ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fi í lé àjòjì lọ́wọ́, tí àjòjì sì wọ ọkọ̀ òfurufú lọ, ta ni yóò san án?" Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ owó ẹlòmíràn kò ní ẹ̀tọ́ láti fi àánú tirẹ̀ ná an. Nítorí náà, n kò lè gbà pé ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́ ẹ̀tọ́ àlejò. A kò lè fi òfin pàṣẹ fún ọkàn ẹnikẹ́ni pé kí ó gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo gbà pé ó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀: ọ̀nà tí yóò gbà di ẹni tí a mọ̀. Ìlú tí ó gba iṣẹ́ àlejò, tí ó gba owó orí rẹ̀, tí ó gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè sọ fún un pé, "N kò mọ̀ ọ́," kí ó sì ti gbogbo ilẹ̀kùn tí ó lè gbà di mímọ̀. Ẹni tí ó bá ní kí a mú ẹ̀rí wá gbọ́dọ̀ fi ibi tí a ti lè rí ẹ̀rí náà hàn wá. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìṣọ́ra ti di ìkà.

Ó kù kí n sọ ìhà kejì tí mo ní mo ti dúró rí. Mo ti padà sí Èkó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta aṣọ àǹkárá ní ìsàlẹ̀ ilé wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wọlé lọ kírun, ó ní kí n bá òun wo ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ́mọkùnrin aránṣọ kan wọlé. Àjàṣẹ́ tí à ń pè ní Porto-Novo ni ó ti wá, kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta ní Èkó. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun fẹ́ gba ọ̀pá aṣọ méjìlá láwìn, òun yóò rán an, òun yóò tà á, òun yóò sì san owó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo ní, "Ta ni ó mọ̀ ọ́ ní Èkó yìí?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ mí."

N kò rí èsì fún un. Mo kàn ní kí ó máa lọ. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó gbọ́ ohùn ara mi bí mo ti gbọ́ ohùn ọmọbìnrin ìdí tábìlì yẹn ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun tilẹ̀ fi ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ wa láti inú yàrá. Ó jáde, ó pe ọmọ náà padà. Ó bi í léèrè ibi tí ó ń gbé, ẹni tí ó ni ilé náà, àti ẹni tí ó ti ránṣọ fún ní àdúgbò. Ọmọ náà ní, "Àlàájà, èmi ni mo rán aṣọ ọdún fún ọmọ ìyàwó ilé kejì." Ẹ̀gbọ́n mi kò fún un ní ọ̀pá méjìlá. Ó gé mẹ́fà fún un, ó sì dá ọjọ́ fún un.

Nígbà tí ó lọ tán, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ó bá gbé e sá lọ ńkọ́?"

Ó ní, "Tíṣà, á jẹ́ pé ọ̀pá mẹ́fà ni mo pàdánù nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí n kò bá fún un ní kékeré, níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

Ọmọ náà san tàkọ́kọ́ lọ́jọ́ tí ó dá. Ó gba ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó san án. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọjọ́ pé, owó kò pé. Ó wá fúnra rẹ̀ ní àṣálẹ́ ọjọ́ náà, ó mú ìdajì wá, ó ní àìsàn dá òun dúró. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ó tó mú ìyókù wá. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi yóò lé e. Ńṣe ni ó fi ọ̀pá méjìlá lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ó san án tán. Ó ní ẹni tí ó mọ̀ pé òun kò tíì ní, tí ó sì wá sọ, sàn lójú òun ju ẹni tí kò tíì ní ìṣòro rí lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe lọ́jọ́ náà ni ohun tí mo ń wá nínú ọ̀ràn yìí. Ó wá ẹ̀rí níbi tí àlejò ti lè rí i, kì í ṣe níbi tí kò lè dé. Ó fún un ní ìwọ̀n ohun tí apá òun ká láti pàdánù. Ó sì gbà pé òun náà ní láti fi nǹkan wéwu, nítorí pé mímọ ènìyàn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹnìkan ni yóò kọ́kọ́ ná nǹkan sí i. Báńkì lè ṣe gbogbo èyí pẹ̀lú káàdì bí ó bá fẹ́, ẹlòmíràn sì ti ń ṣe é. Emú ni ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ láti ṣe, tí èmi olùkọ́ fẹ́ ṣe: mo fẹ́ fi ẹ̀bi gbogbo àjòjì tí ó ti jẹ gbèsè sá lọ rí kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lọ́rùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní orí ọ̀rọ̀ láti kọ àròkọ lé lórí, ẹ má ṣe bi wọ́n bóyá ó dára láti ran àlejò lọ́wọ́, nítorí gbogbo wọn ni yóò sọ pé ó dára. Ẹ bi wọ́n ní iye ọ̀pá tí wọn yóò gé fún un, àti ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í léèrè. Èmi náà ṣì ń rò ó. Lẹ́tà ti Lọ́ńdọ̀nù wà nínú àpótí mi títí di òní, n kò sì bínú sí ẹni tí ó kọ ọ́ mọ́ bí mo ti ń bínú tẹ́lẹ̀.